Apá Ẹlòmíràn Ni Abẹ́rẹ́ Mi Wọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń di ẹrù láti lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, pàápàá ibi tí ẹ ó ti fẹsẹ̀ rìn láàárín ọ̀pọ̀ èrò, ẹ dákun, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Ẹ̀yin tí dókítà sì ti sọ fún pé àrùn yínrunyínrun, èyí tó ń gan ọrùn, ló mú ẹni yín, ẹ̀yin gan-an ni mo torí yín mú bírò. Ó mú mi rí. Mo yè é. Ṣùgbọ́n n kò yè é lódindi, n kò sì ní tan yín jẹ.

Mùsílíátù ni orúkọ mi. Ìwó ni èmi àti ọkọ mi ti wá. Iṣẹ́ ló gbé e wá sí Sango, ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rọ ike. Nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, dé, ohun èlò tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun wọ́n gógó, ẹ̀rọ ń sinmi, wọ́n sì ń dá òṣìṣẹ́ padà sílé lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ọkọ mi wà lára àwọn tó ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n bó bá ti ń wọlé nírọ̀lẹ́ ni mo máa ń wo ojú rẹ̀ kí n tó kí i, kí n mọ̀ bóyá ó ti kàn án. Yàrá méjì la ní ní Ojú Ọ̀rẹ̀. Àwa àti Kúdírátù ọmọ wa wà nínú ọ̀kan. Ìyá ọkọ mi àti Sàídátù, àbúrò ọkọ mi obìnrin, wà nínú èkejì. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ tó bá nílé lórúkọ, nítorí náà Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mo sọ Sàídátù, torí pé ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n ti lò gbó. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe nílé-iṣẹ́ bísíkíìtì, òórùn ṣúgà kì í kúrò lára aṣọ rẹ̀.

Abọ́ tánganran ni Ìyá ń tà. Ó ti ń tọ́jú owó Mẹ́kà kí n tó di ìyàwó ilé. Nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń pète rẹ̀ yọwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá ní, "Èmi ò yọwọ́ ní tèmi. Bí mi ò bá lọ báyìí, wọ́n á gbé mi sin kí n tó débẹ̀." Ṣùgbọ́n orúnkún ń dà á láàmú, ìrìn Háájì sì pọ̀, ẹsẹ̀ lásán nínú oòrùn ni. Ó ní láti rí ẹni tó máa dì í lápá mú. Opẹ́lẹ́ńgẹ́ kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kó tó dé, ẹlòmíràn á ti dúró nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Èmi ló kù. Ìyá ta ilẹ̀ tó ní ní Ìtẹ̀lé, ó fi owó rẹ̀ kún ti tẹ́lẹ̀, ó ní ìrìnàjò náà á tún bá mi já Kúdí lẹ́nu ọmú. Ọmọ náà ti ń rìn, ó ń sáré pàápàá, ṣùgbọ́n ọmú kò tíì sú u.

Wọ́n sọ fún gbogbo ẹni tó ń lọ pé ká lọ gba abẹ́rẹ́ yínrunyínrun ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà nínú Ọ̀tà. Ẹni tí kò bá ní káàdì abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ kò ní wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa, ìgbẹ́ gbuuru ń yọ Kúdí lẹ́nu. Ó kọ ẹ̀kọ, ó kọ omi, ọmú nìkan ló ń gbà. Mo ti wẹ̀, mo ti ń wá bàtà mi, nígbà tí Ìyá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Mùsílí, ìwọ ò ní gba abẹ́rẹ́ yẹn."

"Ìyá, wọ́n ní ẹni tí kò bá gbà á ò ní lọ."

"Mo gbọ́. Níbo lo rò pé abẹ́rẹ́ ń gbà bó bá wọ apá ìyá ọlọ́mọ? Ṣé kì í ṣe ọmú? Ọmọ tó ń yàgbẹ́ omi, o tún fẹ́ fún un ní oògùn òyìnbó fà mu?"

Obìnrin kan tó yá yàrá lẹ́yìn wa dá sí i pé òótọ́ ni, pé omi ọmú àbúrò òun gbẹ lẹ́yìn abẹ́rẹ́. N kò mọ irú abẹ́rẹ́ wo ni, n kò sì béèrè. Mo gbé ọmọ mi mọ́ra, ara rẹ̀ fúyẹ́ bí aṣọ. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ ó mọ bó ṣe rí.

Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó ń bọ́ bàtà. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi, ṣé torí èyí lẹ ṣe ń fajú ro? Mú orúkọ rẹ wá, kí n fi apá mi yá ọ. Wọn kì í wo ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀, orúkọ ni wọ́n ń pè."

Mo ní, "Apá wo? Èyí tó dà bí ẹ̀ka igi ìdáná yìí? Abẹ́rẹ́ á yọ sódì kejì."

"Bó bá yọ sódì kejì, á jẹ́ pé ìwọ àti èmi la jọ gbà á nìyẹn."

Báyìí ló ṣe bá Ìyá lọ. Àwọn méjèèjì tò, wọ́n pe "Mùsílíátù", Opẹ́lẹ́ńgẹ́ dáhùn, wọ́n gún un, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sórí káàdì. Nígbà tí wọ́n dé, ó gbé òwú lé apá, ó ń pariwo látẹnu géètì, "Mùsílíátù ti gba abẹ́rẹ́ o! Ẹ bá mi kí i kú ìrora!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo se ìrẹsì fún un. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Kò jọ ohun tó yẹ kí èèyàn máa sọ fún ọkùnrin.

N kò ní sọ púpọ̀ nípa Mẹ́kà, nítorí pé ibi mímọ́ ni, kò sì ṣe mí níbi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ nípa àgọ́ wa ní Mínà. A sùn bí ẹja inú agolo. Ikọ́ ń jà láti orí ẹní dé orí ẹní. Kẹ́ẹ̀gì omi kan wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n so ife kan mọ́ ọn lọ́rùn, ife yẹn ni gbogbo wa ń gbé sẹ́nu. Nígbà tí a bá rin ìrìn dé láti ibi tí wọ́n ti ń sọ Èṣù lókò, ta ló ń rántí àtiṣan ife? Ìyá gbé ọwọ́ lé èjìká mi láti àárọ̀ dalẹ́, ìwúwo rẹ̀ ti di ara mi. Omi kún ọmú mi, ó le koko. Mo máa ń lọ sẹ́yìn àgọ́, mo máa fún un sílẹ̀, iyanrìn á fà á mu lójú mi, ojú Kúdí ni n ó sì máa rí.

Àwa méjèèjì jọ mu omi nínú ife kan ni, a jọ sùn lórí ẹní kan ni. Ikọ́ lásán ni Ìyá kó bọ̀.

A padà délé, ilé kún. Ìyá ti di Àlájà, ó fi wúrà sí eyín, ó ń rẹ́rìn-ín kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Kúdí sá fún mi lákọ̀ọ́kọ́, ó fara pamọ́ sẹ́yìn Opẹ́lẹ́ńgẹ́. Nígbà tó yá ó wá, ó gbé orí lé mi láyà, kò béèrè ọmú mọ́. Mo sunkún díẹ̀. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni.

Àwọn àlejò kò tíì tán nílé nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Orí ló kọ́kọ́ ń fọ́ mi, kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń fi àgbo tàbí oògùn ẹ̀fọ́rí lé lọ. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ń ti inú fẹ̀ mí lágbárí. Ara mi gbóná, eyín mi ń gbọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo dìde láti kírun àsùbáà. Mo fẹ́ tẹ̀ fún rúkúù, ẹ̀yìn mi tẹ̀, ṣùgbọ́n ọrùn mi kọ̀. Mo fẹ́ fi iwájú orí kanlẹ̀, ó dà bí ẹni pé wọ́n ki irin bọ̀ mí lọ́rùn. Mo dúró níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, mo ń wo ògiri. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ fi sọ́kàn: bí ara bá gbóná, tí orí ń fọ́, tí àgbọ̀n kò lè kan àyà mọ́, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń gún ojú bí ata, ẹ má dúró kí ẹnikẹ́ni fún yín ní nǹkan kan mu nílé. Ọsibítù ni.

Àwa dúró. Àlájà ní ìrìn Mínà ló ń jáde lára mi. Aládùúgbò kan gbé àgbo ibà wá. Ààfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lẹ́bàá wa fọ wàláà, wọ́n ní kí n mu omi rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ojú ayé ló wà lára mi, pé ọmọdé bíi tèmi kò yẹ kó ti Mẹ́kà dé nígbà tí àwọn àgbà kò tíì lọ. Mo mu àgbo, mo mu omi wàláà, mo bì gbogbo rẹ̀. Ọkọ mi ló bú sí wọn nígbẹ̀yìn: "Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, ṣé ẹ ò ríran ni? Obìnrin yìí ò dá mi mọ̀ mọ́!" Mo dá a mọ̀. N kò kàn lè la ojú ni.

Èrò tó wà ní ọsibítù lọ́jọ́ náà, ẹ ò ní gbàgbọ́. Ìgbà yẹn, èèyàn ní láti mú ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́ tiẹ̀ wá látilé, ká tó máa wá sọ ti oògùn. Wọ́n fún wa ní nọ́ńbà, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, mo fi ìborùn bo orí àti ojú. Obìnrin kan tó jókòó tì wá rẹ́rìn-ín: "Àlájà tuntun ni ẹ̀yin náà, àbí? Ẹ̀yin tí ẹ ti rí oòrùn Mẹ́kà, tiwa ò wá jọ yín lójú mọ́." Bí ọ̀sán ṣe ń pọ́n ni mo ń wó lọ sára ọkọ mi.

Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, ojú rẹ̀ pọ́n, kò tíì sùn. Ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn orí mi, ó fẹ́ tẹ ọrùn mi síwájú, mo ké. Ó béèrè ibi tí mo ti ń bọ̀. Ọkọ mi ní Mẹ́kà. Dókítà yí ojú sí i kíá: "Ṣé ó gba abẹ́rẹ́ yínrunyínrun kó tó lọ?"

"Ó gbà á, sà. Káàdì rẹ̀ nìyí."

Ọkọ mi ti mú un dání látilé, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣí i. Àlájà wà lẹ́yìn mi, òun ló di orí mi mú. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Èébì ló jáde. Nígbà tí wọ́n nù ún tán, dókítà ti ń kọ̀wé. Ó ní ibà ló jọ, pé ibà tó le máa ń fa ọrùn nígbà mìíràn, kí a lọ gba abẹ́rẹ́ ibà, kí a padà wá lọ́jọ́ kejì bí kò bá rọlẹ̀. Mo gbọ́ bí Àlájà ṣe mí kanlẹ̀. Kò dárúkọ Opẹ́lẹ́ńgẹ́.

Ohun tó tẹ̀lé e, wọ́n sọ ọ́ fún mi ni. Wọ́n ní gìrì mú mi lójú ọ̀nà ilé, ó tún mú mi nílé. Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, ó bá mi lórí ẹní, ẹ̀yìn mi tẹ̀ sódì bí ọrun. Ó béèrè ohun tí dókítà wí. Ọkọ mi ní, "Ó kọ́kọ́ fura sí yínrunyínrun, ṣùgbọ́n mo fi káàdì hàn án."

Opẹ́lẹ́ńgẹ́ kígbe. "Káàdì wo? Bọ̀dá, èmi ni mo gba abẹ́rẹ́ yẹn!"

Àlájà dìde. "Pa ẹnu ẹ dé. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n wá kó wa ni? Kí wọ́n máa sọ ní gbogbo Ọ̀tà pé ayédèrú ni Háájì mi?"

"Kí wọ́n wá kó mi! Ìyàwó mi ń kú lọ lójú yín, orúkọ Àlájà lẹ ń bò!"

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, Sàídátù?"

"Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o, Ìyá mi. Ẹ tìkára yín wà níbẹ̀."

Wọ́n ní ọkọ mi kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wo káàdì ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jáde, ó lọ bẹ ọkùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ kó búlọ́ọ̀kù ní òpópónà wa. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ni wọ́n tẹ́ mi sí, lórí eruku sìmẹ́ńtì. Ní ọsibítù, wọ́n ní kí wọ́n gba nọ́ńbà. Opẹ́lẹ́ńgẹ́ kò gba nọ́ńbà. Ó la èrò já, wọ́n ń bú u, ó wọlé tọ dókítà, ó ká apá aṣọ sókè. "Dókítà, apá tí wọ́n gún nìyí. Kì í ṣe tiẹ̀. Kò gba abẹ́rẹ́ kankan."

Wọ́n ní dókítà náà fi bírò sílẹ̀, ó jáde wá sídìí ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Ó ní òun á fa omi lẹ́yìn mi wò. Ìjà mìíràn nìyẹn. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ ẹnì kan tí wọ́n fa omi ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò rìn mọ́, tàbí tó kú. Àlájà di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú. Ọkọ mi ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́ ọkọ rẹ̀ lónìí." Ó fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n ní omi náà rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó mọ́ gaara. Ẹ̀yin tí wọ́n bá sọ fún pé àwọn fẹ́ fa omi ẹ̀yìn ẹni yín, ẹ má bẹ̀rù bí a ti bẹ̀rù. Ẹ̀yìn mi kò ṣe nǹkan kan. Omi yẹn ló sọ òtítọ́ nípa mi lẹ́yìn Opẹ́lẹ́ńgẹ́.

Oògùn kò sí ní ọsibítù. Ọkọ mi wá a dé Agége. Àlájà bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ àti yẹtí tó rà ní Mẹ́kà, ó kó o fún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Àwọn elétò ìlera wá sílé, wọ́n fún gbogbo ẹni tó bá mi gbé ní oògùn lò, Kúdí náà lò ó. Àrùn náà kò mú ẹlòmíràn nínú ilé wa. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ọjọ́ tí mo jí, fáànù òkè àjà ni mo kọ́kọ́ rí. Ó ń yí, kò sì dún. Ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹnu rẹ̀ ń lọ. Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Mo ní kó yé ṣe bẹ́ẹ̀, kó sọ̀rọ̀ sókè. Mo mọ̀ pé mo sọ ọ́, ahọ́n mi yí, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ara mi. Mo pariwo. Àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀dì tó kù fọwọ́ dí etí, nọ́ọ̀sì sáré wọlé, èmi nìkan ni ariwo náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn mi, mo ń wo ojú ọkọ mi, ojú rẹ̀ ni mo fi mọ̀ pé ẹnì kan ti pàtẹ́wọ́.

Wọ́n ra síléètì àti ṣọ́ọ̀kì. Mo bi dókítà bóyá etí mi á là. Ó kọ ọ́ pé ó ṣòro. Mo bi í pé ká ní wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́. Ó di ṣọ́ọ̀kì náà mú fún ìgbà díẹ̀ kó tó kọ ọ́: "Bóyá." Kò kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò purọ́ sápá kan tàbí òmíràn.

Àlájà ló wẹ̀ mí, òun ló fún mi lóúnjẹ, òun ló kọ́ mi ní ìrìn, nítorí pé àrùn náà mú ìdúróṣinṣin ẹsẹ̀ mi lọ. Ìgbà kan ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ẹnu rẹ̀ ń lọ, omijé ń já bọ́ lágbọ̀n rẹ̀. Mo yára fà á dìde. Ohun tó sọ, n kò mọ̀ ọ́n títí di òní, n kò sì ní kó kọ ọ́. Ọmọ mi ló ń rò ní àárọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́ yẹn. Òun ni èmi náà ń rò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí kó yé wa: kò sí ẹni tó ń fi apá yá ẹlòmíràn. Ọ̀dọ̀ ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ ni ààbò rẹ̀ ń wà. Bí ẹ bá ń fún ọmọ lọ́mú, tí ọkàn yín kò balẹ̀, ẹ bi nọ́ọ̀sì. Mo bi í lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó ní abẹ́rẹ́ yẹn kì bá tí ṣe ọmọ mi ní nǹkan kan. Ẹ má dúró títí ìrìnàjò á fi ku ọ̀la, torí abẹ́rẹ́ ń fẹ́ àkókò kó tó gbilẹ̀ nínú ara. Ẹ mú ife tiyín dání. Bí ẹ bá sì ti yí nǹkan kan, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, kí ojú tì yín, kí ẹ sì yè.

Báyìí ni mo wà: etí ọ̀tún ti kú pátápátá, ti òsì ń hó bí omi tó ń hó lórí sítóòfù, kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, mò ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mutí. N kì í dá sọdá títì Ojú Ọ̀rẹ̀. Àwọn ará Ìwó wá, wọ́n ní kí ọkọ mi fẹ́ ẹlòmíràn. Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ṣe bí wọ́n ṣe sọ ọ́ hàn mí, ó fi ìbínú ká ẹnu bíi tiwọn. Ọkọ mi kò tíì fẹ́ ẹnikẹ́ni. Inú bí i sí mi fún ìgbà pípẹ́ pé a fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún òun, kò sì kọ nǹkan kan fún mi nígbà yẹn. Ní báyìí, àwa méjèèjì ń fi iná sílẹ̀ ní yàrá, torí pé bó bá pa á, n kò mọ ohun tó ń bá mi sọ. Mò ń ṣọ́ ìsọ̀ abọ́ pẹ̀lú Àlájà. Mo ti ń mọ ẹnu kà díẹ̀díẹ̀. Àwọn oníbàárà máa ń pariwo mọ́ mi, bí ẹni pé mo jìnnà sí wọn ni.

Kúdí kò tíì máa sọ̀rọ̀ nígbà tí mo lọ Mẹ́kà, àfi "ìn" àti "ún". Ó ti ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, wọ́n ní ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú, á yí ojú mi sọ́dọ̀ rẹ̀, kó tó la ẹnu. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Mo bi ọkọ mi léèrè bí ohùn ọmọ náà ṣe rí. Ó gbé síléètì lé itan, ó ronú títí, ó kọ, ó pa á rẹ́, ó tún kọ. "Ó dà bí tìrẹ."

Mo jókòó síbẹ̀, mo ń gbìyànjú láti rántí tèmi.